Ẹrù ìdọ́gba

Ẹrù ìdọ́gba ni ohunkóhun tó wúwo tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi sí apá kan ẹ̀rọ tàbí ilé, kí ó lè dọ́gba pẹ̀lú ẹrù tó wà ní apá kejì. Ó lè jẹ́ òkúta, irin, òjé, kọnkéré, omi tàbí iyanrìn. Iṣẹ́ méjì ni a sábà ń fi rán an: ó ń dín agbára tí a nílò láti gbé nǹkan kù, ó sì ń mú kí ohun tó ga tàbí tó na apá síta dúró láìṣubú. Àwọn òṣìṣẹ́ èbúté àti àwọn tó ń kọ́lé ní Èkó ń pè é ní káńtáwéètì.

Ìlú Festac, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwò-Ọ̀dọ̀fin ní Ìpínlẹ̀ Èkó, jẹ́ ibi tí ènìyàn ti lè rí oríṣiríṣi rẹ̀ láàárín ìrìn wákàtí kan. Ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ ìlú náà láti fi gba àwọn àlejò àjọ̀dún FESTAC, èyí tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977. Òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Badagry gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, èbúté Tin Can Island kò sì jìnnà sí i. Nítorí èyí, ẹ̀rọ tó ń gbé kọ̀ntéínà, tírélà, jẹnẹrétọ̀ àti kẹ̀kẹ́ ẹrù kò ṣe àjèjì sí àwọn ará àdúgbò náà.

Ìlànà iṣẹ́ rẹ̀

Ìwúwo nìkan kọ́ ló ń pinnu ìdọ́gba. Ibi tí ìwúwo náà wà ṣe pàtàkì bákan náà. Bí àgbàlagbà kan àti ọmọdé kan bá jókòó sí ìpẹ̀kun méjèèjì pákó gígùn tí a gbé àárín rẹ̀ lé orí igi, àgbàlagbà yóò tẹ apá tirẹ̀ wálẹ̀, ọmọdé yóò sì wà lókè. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà náà bá ń sún mọ́ àárín díẹ̀díẹ̀, yóò dé ibì kan tí àwọn méjèèjì yóò ti dọ́gba, láìjẹ́ pé ẹnì kan sanra sí i tàbí pé ẹnì kan rù. Ohun tó yí padà ni jíjìn tó wà láàárín ẹni náà àti ojú ìgbáralé, ìyẹn ibi tí pákó gbára lé tó sì ń yí lórí rẹ̀.

Bí a bá fi ìwúwo ṣe ìlọ́po jíjìn rẹ̀ sí ojú ìgbáralé, iye tí a rí ni ipá ìyípo. Ìdọ́gba dé nígbà tí ipá ìyípo ọ̀tún àti ti òsì bá jẹ́ ọgbọọgba. Àgbàlagbà tó wúwo tó kílógíráàmù 80, tó jókòó ní mítà 1 sí àárín, yóò dọ́gba pẹ̀lú ọmọ kílógíráàmù 32 tó jókòó ní mítà 2.5, nítorí pé 80 × 1 jẹ́ 80, 32 × 2.5 náà sì jẹ́ 80. Archimedes, onímọ̀ ìṣirò ará Gíríìkì tó gbé ní Syracuse ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi, ti ṣe àlàyé òfin yìí nínú ìwé rẹ̀. Òun ló mú kí ẹrù kékeré tó jìnnà lè kojú ẹrù ńlá tó wà nítòsí, òun náà ló sì fà á tí ẹ̀yìn ẹ̀rọ kan fi gbọ́dọ̀ wúwo ju ọjà tí iwájú rẹ̀ ń gbé lọ.

Ó yẹ kí a ya ẹrù ìdọ́gba sọ́tọ̀ díẹ̀ kúrò lára ẹrù ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Agbòòrùn ńlá tí àwọn oní-POS ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ sábà máa ń ní ike ọ̀dà tí a da kọnkéré sí, tàbí táyà àlòkù tí a dí pẹ̀lú sìmẹ́ńtì, ní ìsàlẹ̀. Ìwúwo yẹn kò kojú ẹrù kankan ní apá kejì. Ó kàn ń tẹ agbòòrùn mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ ni. Irú iṣẹ́ kan náà ni omi òkun tí ọkọ̀ ojú omi ńlá máa ń fà sínú nígbà tí kò bá ní ẹrù ń ṣe. Síbẹ̀, ìṣirò àwọn méjèèjì bára mu, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì fìyàtọ̀ sí wọn.

Ọmọlanke olómi

Ẹ̀kọ́ tó ṣe kedere jù nípa ìdọ́gba ní òpópónà Festac ni ọmọlanke àwọn tó ń ta omi, tí wọ́n ń pè ní méérúwà. Táyà méjì péré ni kẹ̀kẹ́ ẹrù náà ní, irin tí táyà ń yí lórí rẹ̀ sì gba abẹ́ àárín pákó ẹrù kọjá. Irin yìí ni ojú ìgbáralé. Kẹ́ẹ̀gì tó wà níwájú irin àti èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ẹrù ìdọ́gba fún ara wọn.

Ká gbà pé kẹ́ẹ̀gì 12 ni ó kó, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba lítà 25. Lítà omi kan wúwo tó kílógíráàmù kan, nítorí náà gbogbo omi náà tó kílógíráàmù 300. Kò sí ẹni tó lè gbé e nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ń tì í káàkiri àdúgbò. Bí kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà bá wà níwájú tí mẹ́fà sì wà lẹ́yìn, ní ìwọ̀n ìdajì mítà sí irin, ipá ìyípo dọ́gba, ọwọ́ olómi kò sì gbé nǹkan kan. Títì nìkan ló kù fún un.

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó bá ń tà. Bí ó bá já kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta kúrò níwájú láìfọwọ́ kan ẹ̀yìn, kílógíráàmù 75 tó ti lọ, ní ìlọ́po ìdajì mítà, fi àlàfo 37.5 sílẹ̀. Bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bá wà ní mítà 1.5 sí irin, ẹrù kílógíráàmù 25 ti bọ́ sí i lọ́wọ́ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló ti já mẹ́ta, ohun tó yàtọ̀ ni yóò ṣẹlẹ̀: iwájú yóò lọ sílẹ̀, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yóò sì fẹ́ fò sókè, àfi kí olómi fi ara tẹ̀ ẹ́. Ní àkókò yẹn, òun fúnra rẹ̀ ti di ẹrù ìdọ́gba. Olómi tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú kì í dúró de ìyẹn. Bí ó bá ti gbé ọ̀kan níwájú, yóò gbé ọ̀kan lẹ́yìn. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní ìṣirò kan, èjìká rẹ̀ ló kọ́ ọ.

Ẹ̀rọ agbẹ́rù

Fọ́kílífítì, ẹ̀rọ tó ń fi ìka irin méjì gbé ẹrù ní ọgbà ìkẹ́rùsí àti ní èbúté, jẹ́ ọmọlanke tí a fi ẹ́ńjìnnì sí. Táyà iwájú ni ojú ìgbáralé rẹ̀. Ẹrù wà níwájú táyà náà, gbogbo ìyókù ẹ̀rọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Irin ńlá tí a rọ sí ìdí rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀ṣọ́ tàbí ààbò ni, ni ẹrù ìdọ́gba.

Ẹ jẹ́ kí a mú fọ́kílífítì kan tó wúwo tó kílógíráàmù 3,500, tí ìwúwo rẹ̀ kó jọ sí mítà 1.2 lẹ́yìn táyà iwájú. Ipá ìyípo rẹ̀ jẹ́ 4,200. Bí ó bá gbé àpótí kílógíráàmù 2,000 tí àárín rẹ̀ wà ní mítà 1 níwájú táyà, 2,000 péré ló ń fà á síwájú, ọkàn awakọ̀ sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹrù kílógíráàmù 2,000 kan náà bá gùn débi pé àárín rẹ̀ wà ní mítà 2.1, ipá iwájú ti di 4,200, ìdí ẹ̀rọ sì ti fẹ́ gbéra nílẹ̀. Ẹrù kò fi kílógíráàmù kan wúwo sí i. Ìdí nìyí tí pátákó tí a kàn mọ́ ẹ̀rọ náà fi máa ń kọ jíjìn pọ̀ mọ́ ìwúwo, tí ẹni tó bá ka ìwúwo nìkan sì fi máa ń ṣi ẹ̀rọ lò.

Níbi tí ẹrù bá ti ju agbára ẹ̀rọ lọ, a máa ń rí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń gun ìdí fọ́kílífítì kí ó lè wúwo sí i. Ìṣirò wọn tọ́, ṣùgbọ́n ìwà náà léwu gidigidi. Bí ẹrù bá yọ̀ lórí ìka irin, ìdí ẹ̀rọ tó ti ń gbéra yóò padà wálẹ̀ lójijì, yóò sì da àwọn tó wà lórí rẹ̀ nù. Ènìyàn kì í ṣe irin tí a fi bóòtù dè mọ́ ẹ̀rọ.

Kiréènì gíga tí a ń rí níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé alájà púpọ̀, bíi ní Victoria Island àti Eko Atlantic, ní apá méjì. Apá gígùn ló ń gbé ẹrù. Apá kúkúrú tó wà lẹ́yìn ló gbé àwọn bíríkì kọnkéré ńlá. Àwọn tó ń ṣe kiréènì ní ìṣòro kan: ẹrù ìdọ́gba kò yí padà, ṣùgbọ́n ohun tí kiréènì ń gbé ń yí padà ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Bí wọ́n bá wọn kọnkéré ẹ̀yìn kí ó bá ẹrù tó wúwo jù mu, kiréènì yóò fẹ́ ṣubú sẹ́yìn nígbà tí kò bá gbé nǹkan kan. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí kọnkéré náà dọ́gba pẹ̀lú apá gígùn fúnra rẹ̀ àti nǹkan bí ìdajì ẹrù. Nítorí náà, òpó kiréènì tí kò gbé ẹrù máa ń tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Bí ó bá gbé ẹrù kíkún, a tẹ̀ síwájú. Ohun kan náà ló mú kí kiréènì tó lè gbé tọ́ọ̀nù 8 nítòsí òpó rẹ̀ má lè gbé ju tọ́ọ̀nù 2 lọ ní ṣóńṣó apá.

A kì í kó gbogbo kọnkéré náà sókè lẹ́ẹ̀kan nígbà tí a bá ń to kiréènì. A ó kọ́kọ́ gbé díẹ̀ sí apá kúkúrú, a ó so apá gígùn, lẹ́yìn náà ni a ó wá kó ìyókù. Bí iṣẹ́ bá parí ní ìrọ̀lẹ́, awakọ̀ a tú ìjánu tó ń dá apá rẹ̀ dúró, kí kiréènì lè máa bá afẹ́fẹ́ yí bó ṣe wù ú. Àwọn tó ń rí i lóru lè rò pé ẹ̀rọ náà ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ààbò gan-an ni, pàápàá ní àkókò ìjì líle tó máa ń ṣáájú òjò ní Èkó láàárín oṣù Kẹta àti oṣù Karùn-ún, nítorí kiréènì tí a dì mọ́ ojú kan yóò fi gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gba ìjì náà.

Lífítì

Ọ̀pọ̀ ilé Festac kò ga débi tí a ó fi nílò lífítì. Omi tí ọmọlanke gbé dé ẹnu ọ̀nà, orí ni a fi ń gbé e gun àtẹ̀gùn. Àmọ́ ilé bíi Cocoa House ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn, tí wọ́n parí ní ọdún 1965 pẹ̀lú àjà 26, kò ṣeé lò láìsí i.

Nínú lífítì olókùn, okùn irin gba orí kẹ̀kẹ́ ńlá kan kọjá lókè ilé. Yàrá tí ènìyàn ń wọ̀ so mọ́ ìpẹ̀kun kan okùn náà, ẹrù ìdọ́gba sì so mọ́ ìpẹ̀kun kejì. Bí ọ̀kan bá ń gòkè, èkejì ń sọ̀ kalẹ̀. Bí yàrá náà bá wúwo tó kílógíráàmù 1,000, tó sì lè gba èrò kílógíráàmù 800, ẹrù ìdọ́gba rẹ̀ sábà máa ń tó 1,400, ìyẹn yàrá pẹ̀lú ìdajì èrò. Bí yàrá bá ṣófo, ẹrù ìdọ́gba fi 400 wúwo jù ú lọ. Bí ó bá kún, yàrá fi 400 wúwo ju ẹrù ìdọ́gba lọ. Mọ́tò tí ì bá máa gbé kílógíráàmù 1,800 kò wá ní ju ìyàtọ̀ 400 láti bá jà. Ní ìlú tí epo jẹnẹrétọ̀ ti wọ́n, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Láti inú ìṣirò yìí ni ohun kan ti jáde tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Bí ìjánu mọ́tò bá kọṣẹ́ nígbà tí okùn kò tíì já, tí ẹnì kan tàbí méjì péré sì wà nínú lífítì, òkè ni yóò sáré lọ, nítorí ẹrù ìdọ́gba ló wúwo jù.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, lífítì kan já ní ilé ibùgbé àwọn dókítà ti General Hospital tó wà ní Ọ̀dàn, Lagos Island, ọ̀dọ́mọbìnrin dókítà kan sì pàdánù ẹ̀mí rẹ̀. Irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ mú kí ó ṣe pàtàkì láti mọ ohun tí ẹrù ìdọ́gba kò lè ṣe. Kì í ṣe òun ló ń gba lífítì lọ́wọ́ ìṣubú. Bí okùn bá já, àjọṣe òun àti yàrá ti parí. Ohun tó ń gba ẹ̀mí là ni ìjánu tó wà lára yàrá fúnra rẹ̀: ẹ̀rọ kan ń ṣọ́ eré tí yàrá ń sá, bí eré náà bá sì ti ju òṣùwọ̀n lọ, irin bí èèkàn yóò gbá irin ojú ọ̀nà mú ní ọ̀tún àti òsì. Elisha Otis fi irú ìjánu bẹ́ẹ̀ han gbogbo ènìyàn ní New York ní ọdún 1854, nígbà tí ó dúró lórí pákó agbẹ́rù tó ní kí wọ́n gé okùn rẹ̀. Ní ọdún 1857 ni lífítì èrò àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú náà. Ìjánu tí a kò yẹ̀ wò láti ọdún dé ọdún kò yàtọ̀ sí èyí tí kò sí rárá.

Ẹ́ńjìnnì àti táyà

Nínú ohun tó ń yí, ẹrù ìdọ́gba ń bá ìgbọ̀nrìrì jà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń dún lẹ́yìn ilé ní písítìn kan ṣoṣo. Bí písítìn náà ti ń lọ sókè tó ń bọ̀ wálẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń ju gbogbo ẹ̀rọ sókè sódò. Láti dín èyí kù, irin kíráńkì máa ń ní ìwúwo tó kọjú sí òdìkejì ibi tí písítìn so mọ́. Ṣùgbọ́n ìwúwo náà ń yí po, písítìn kò sì ń yí po. Nígbà tí písítìn bá wà lókè pátápátá tàbí nísàlẹ̀ pátápátá, àwọn méjèèjì ń pa agbára ara wọn. Nígbà tí ó bá wà láàárín, ìwúwo kíráńkì a máa ju ẹ̀rọ sí ẹ̀gbẹ́. Àwọn tó ṣe é gbà kí ó kojú nǹkan bí ìdajì písítìn, wọ́n sì fi rọ́bà sí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ láti gba ìyókù. Bí rọ́bà náà bá jẹ, jẹnẹrétọ̀ á máa rìn lórí sìmẹ́ńtì fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ará Èkó ti rí i.

Ìṣòro yìí kì í ṣe tuntun. Ọkọ̀ ojú irin alátẹ́gùn gbígbóná, irú èyí tó ń rìn lórí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1901, ní irin tó rí bí oṣù tuntun lára ẹsẹ̀ ńlá rẹ̀. Ẹrù ìdọ́gba ni. Bí ó ti ń yí, ó ń lu ojú irin bí òòlù, èyí sì wà lára ohun tí àwọn tó ń ṣe afárá rélùwéè ní láti rò.

Táyà ọkọ̀ kò yàtọ̀. Òjé pẹlẹbẹ tí fọkanáísà tó ní ẹ̀rọ ìwọntáyà ń kàn mọ́ etí irin táyà kéré débi pé ènìyàn lè rò pé kò já mọ́ nǹkan. Àmọ́ bí ẹ̀gbẹ́ kan irin táyà bá fi gíráàmù 30 péré wúwo ju èkejì lọ, tí ọkọ̀ sì ń sá kìlómítà 108 láàárín wákàtí kan, gíráàmù 30 yẹn yóò máa fa táyà pẹ̀lú agbára tó tó ìwúwo kílógíráàmù 6, nǹkan bí ìgbà 16 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọwọ́ awakọ̀ yóò gbọ̀n lórí sítíárìn, táyà yóò sì jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de òjé fún iṣẹ́ yìí nítorí májèlé tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń lo irin àti síńkì dípò rẹ̀.

Ilé àti afárá

Nínú ilé, ẹrù ìdọ́gba sábà máa ń fara pamọ́. Báríkonì tó yọ síta láìní òpó dúró nítorí pé pẹpẹ kọnkéré tó wọ inú ilé, àti ògiri tó gùn ún, ń tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá wó ògiri náà láti mú kí yàrá fẹ̀ sí i ti yọ ẹrù ìdọ́gba báríkonì láìmọ̀. Irin inú báríkonì pẹ̀lú gbọ́dọ̀ wà lókè kọnkéré, nítorí òkè ni ó ti ń fẹ́ ya. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń tẹ irin náà mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n ń da kọnkéré, ìsàlẹ̀ ni yóò bá ara rẹ̀, níbi tí kò ti wúlò, kò sì sí ẹni tí yóò rí i mọ́ lẹ́yìn tí kọnkéré bá ti gan.

Afárá kejì lórí odò Ọya láàárín Àsàbà àti Onitsha, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2023, lo ìdọ́gba nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Láti orí òpó kọ̀ọ̀kan nínú odò ni wọ́n ti na apá méjì lọ sí òdìkejì ara wọn, díẹ̀ ní ọ̀tún, díẹ̀ ní òsì, títí apá òpó kan fi pàdé ti òpó kejì. Títí di àkókò ìpàdé náà, apá kan ni ẹrù ìdọ́gba èkejì.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, Tower Bridge tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894 so ìhà àríwá odò Thames pọ̀ mọ́ Southwark, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé báyìí ní àgbègbè Peckham. Àárín afárá náà ń là sí méjì kí ọkọ̀ ojú omi lè kọjá. Ìlàjì kọ̀ọ̀kan wúwo ju tọ́ọ̀nù 1,000 lọ, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ní irin àti òjé tó ń sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá abẹ́ òpó bí iwájú rẹ̀ ti ń gòkè, nítorí náà ẹ̀rọ tó ń gbé e kò ní láti gbé gbogbo ìwúwo náà.

Èyí tó lọ́jọ́ lórí jù nínú gbogbo wọn rọrùn gan-an. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ máa ń fi igi gígùn fa omi láti inú odò: garawa wà ní ìpẹ̀kun kan, amọ̀ tàbí òkúta wà ní ìpẹ̀kun kejì. Àgbẹ̀ yóò fa garawa tó ṣófo wálẹ̀, èyí tó rọrùn fún ara ènìyàn ju gbígbé sókè lọ, òkúta yóò sì gbé omi gòkè fún un. Irú igi bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ àríwá Nàìjíríà, ní agbègbè Sókótó àti Kánò, fi bomi rin àlùbọ́sà àti ẹ̀fọ́ ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn kí ẹ̀rọ afami elépo tó gba ipò rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ oko.